Ẹja àtọwọ́dá mi ń ju ìrù, àmọ́ kò kúrò lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa Ẹnjiníà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fi ike omi ṣe ara ẹja, mo gé ike líle pẹlẹbẹ ṣe ìrù, mo sì so ó mọ́ mọ́tò kékeré tó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí mo gbé e sínú ọpọ́n ńlá, orí rẹ̀ ń mì ju ìrù lọ, kò sì lọ síbì kankan. Ṣé mọ́tò ni kò lágbára tó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mọ́tò kọ́. Má tíì náwó lórí èyí tó tóbi.

Lọ bá àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ láàyè, kí o fara balẹ̀ wo ọ̀kan nínú ọpọ́n wọn. Orí á kọ́kọ́ yà díẹ̀, o lè má tètè rí i. Yíyà yẹn á wá máa rìn lọ sẹ́yìn lára rẹ̀, á máa fẹ̀ sí i títí á fi dé ìrù. Kó tó débẹ̀, òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ lórí. Ara ẹja náà ń ru bí ìgbì ni. Ìgbì yìí ń yára lọ sẹ́yìn ju bí ẹja ṣe ń lọ síwájú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wa omi sẹ́yìn bí ẹni fi àjẹ̀ wà á, tí omi náà sì ń tì í lọ.

Ìrù tìrẹ ń ṣí, ó ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń ti omi sí jù, díẹ̀ ló ń lọ sẹ́yìn. Bó sì ṣe ń ti omi sọ́tùn-ún ni omi ń ti ara ẹja sósì. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ike yẹn, kò wúwo, orí ni yóò máa mì.

Nítorí náà, rọ iyanrìn sínú ike náà, lápá iwájú, títí tí òkè rẹ̀ nìkan á fi yọ lójú omi. Lẹ lẹbẹ pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn àti ikùn, lápá iwájú. Yọ ìrù líle yẹn, kí o fi rọ́bà tó máa ń tẹ̀ tó sì máa ń padà sí ipò rẹ̀ ṣe òmíràn. Bẹ́ ẹ kí ìdí rẹ̀ nípọn, kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Nígbà tí ìdí rọ́bà bá ti ń padà bọ̀ lọ́tùn-ún, etí rẹ̀ á ṣì máa lọ sósì. Ìgbì tí à ń wá nìyẹn.

Má fojú kéré ara rírọ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja trout sẹ́yìn òpó kan tí omi ń ṣàn kọjá. Omi tó ń yí bí òkòtó lẹ́yìn òpó náà ń tẹ ara ẹja síhìn-ín sọ́hùn-ún, òkú ẹja sì ń lọ síwájú, ó dojú kọ ìṣàn omi! Kò sí mọ́tò, kò sí ẹ̀mí. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ó ku bí ìrù á ṣe máa yára tó. Fi iye ìgbà tí ìrù ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ fífẹ̀ jíjù rẹ̀ di púpọ̀, kí o fi eré ẹja pín in. Fún ọ̀pọ̀ ẹja, àti ẹyẹ pàápàá, ohun tí à ń rí máa ń wà láàárín 0.2 sí 0.4, ònkà Strouhal là ń pè é. Bí ẹja rẹ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ìrù ń fẹ̀ dé 6, lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré tó yẹ kí o máa lé ni bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí 6 lọ́nà méjì jẹ́ 12, bí a bá sì fi 40 pín in, 0.3 ni. Tìrẹ kò ní tó bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Kán omi aró tàbí búlúù ìfọṣọ sí ẹ̀bá ìrù nígbà tó bá ń jù. Bí aró bá ń ká bí òkòtó lọ́tùn-ún lósì, tó sì ń ta sẹ́yìn láàárín wọn, ìrù ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá kàn ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, rọ́bà ṣì le jù. Tún bẹ́ ẹ díẹ̀ sí i.