Bàbá àgbà ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní Asaba: báwo ni kí n ṣe gbà á sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bàbá tó bí bàbá mi wọṣẹ́ sójà ní 1967, ọmọ ọdún 19 ni wọ́n nígbà náà. Láti kékeré mi, wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun Biafra rárá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú lọ́dún tó kọjá, tó bá ti di alẹ́ wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn wà ní Asaba lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin ìlú jọ tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ lọ́rì ni àwọn dúró sí, pé àwọn ò yìnbọn, àmọ́ àwọn rí i. Wọ́n ní àwọn tó kú ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, bẹ́ẹ̀ iye tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní kí n má ṣe gbà á sílẹ̀, pé màá dójú ti ẹbí, pé ọlọ́pàá tiẹ̀ lè wá gbé bàbá. Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé kí n ṣe é? Báwo ni kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ṣe é. Má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Ìtàn ẹnu àwọn àgbà ni mò ń kọ sílẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, mo sì ti dé ilé tí mo ní mò ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, tó jẹ́ pé àga ìsìnkú ni mo bá níta. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ní 1967 ti sún mọ́ ọgọ́rin báyìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti wà nínú ìwé, kí o lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá ti bọ́ sí i. Ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1967 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa títí wọ́n fi dé Orè. Ibẹ̀ la ti rí "ó le kú, ìjà Orè" tí à ń sọ títí dòní. Dífíṣọ̀n Kejì ti ìjọba àpapọ̀, tí Murtala Muhammed jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ló lé wọn padà. Ó gba Benin lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ó sì dé Asaba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ ogun Biafra ti kọjá sí Onitsha nígbà náà, wọ́n sì ti fọ́ afárá orí odò náà lẹ́yìn ara wọn, afárá tí kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí i.

Àwọn tó kù ní Asaba, ará ìlú ni wọ́n. Ní nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni ìkógun àti pípa ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, láti ilé dé ilé. Nígbà tó di ọjọ́ 7, àwọn àgbà ìlú ní kí tọmọdé tàgbà jáde wá kí àwọn sójà káàbọ̀, bóyá ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọ̀pọ̀ wọn wọ akwa ọcha, aṣọ funfun tí wọ́n ń lò fún ayẹyẹ. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kígbe "One Nigeria". Nígbà tó yá, wọ́n ya àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà kúrò lára obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n kó wọn lọ sí gbàgede kan ní Ogbe-Osowa, wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta pa wọ́n nínú aṣọ ayẹyẹ yẹn. Iye tí àwọn olùwádìí máa ń dá fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ láàárín 500 sí 1,000.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé bí ogun ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn gan-an, Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ti fi ìwé òfin lé àwọn sójà lọ́wọ́: ẹ má pa aboyún, ẹ má fọwọ́ kan ọmọdé, ẹni tó bá túúbá ẹ má pa á, ẹ má jalè, ẹ má ba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé kò tọ́ kí wọ́n tó dé Asaba.

Ní ti iye, má bá bàbá jiyàn lórí ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, tí ìbọn ń dún, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, kò sí nípò à ń kànìyàn. Ohun tí ọ̀rọ̀ wọn túmọ̀ sí ni pé wọn ò rí òpin àwọn tó ṣubú. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí o sì kọ sílẹ̀ pé àwọn ló sọ ọ́. Ibòmíràn la ti ń rí iye gidi, ìyẹn lára orúkọ.

Abúlé kan wà lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń pè ní Deir Yassin. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin, 1948, àwọn jagunjagun Irgun àti Lehi, ẹgbẹ́ ológun àwọn Júù méjì, gba abúlé àwọn Lárúbáwá yìí, wọ́n sì pa ọkùnrin, obìnrin, àtọmọdé. Kò pẹ́ tí iye kan fi gba gbogbo ilẹ̀ kan: 254. Ó wúlò fún àwọn tó pa wọ́n, nítorí ó ń dẹ́rù ba àwọn abúlé tó kù. Ó wúlò fún àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn, nítorí wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́. Ní 1987, àwọn olùwádìí Yunifásítì Birzeit, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ará Palẹstínì, lọ bá àwọn tó yè níbẹ̀, ìdílé kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń béèrè pé ta lẹ pàdánù. Ẹni 107 ni wọ́n kà. Ṣé pípa náà wá fúyẹ́ ni? Rárá o. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lè fi àsọdùn inú 254 ṣe bojúbojú mọ́, nítorí ẹni 107 ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní ilé.

Ti My Lai ní Fiẹtnám yí padà sí òdìkejì. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta, 1968, àwọn sójà Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn pa ọ̀tá 128, àwọn sì gba ìbọn mẹ́ta. Tún gbólóhùn yẹn kà. Òkú 128, ìbọn mẹ́ta. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwé yẹn lọ́jọ́ náà ì bá ti mọ̀ pé àwọn tí kò gbé ìbọn ni wọ́n pa. Orúkọ 504 ló wà lára òkúta ìrántí níbẹ̀ báyìí.

Orúkọ kì í sì í tètè tán. Ní Oradour-sur-Glane, abúlé kan ní Faransé tí àwọn SS, ìyẹn ọmọ ogun Hitler ti Jámánì, pa run lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà, 1944, ẹni 642 ni gbogbo ayé mọ̀. Ní 2020 ni wọ́n tó rí i pé obìnrin kan tó sá ogun wá láti Sípéènì wà lára wọn tí ẹnikẹ́ni ò kà á. Ó di 643. Ọdún 76 ni obìnrin yẹn fi wà láìsí nínú àkọsílẹ̀. Àwa náà tí a wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà, 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ogun: iye tó ń wọ fóònù wa lálẹ́ ọjọ́ náà ò bára mu, ó di ọjọ́ mélòó kan kí gómìnà Akeredolu tó kéde pé ènìyàn 40 ló kú.

Ó ku bí o ṣe máa ṣe é. Fóònù rẹ tó. Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa já ọ̀rọ̀ gbà, pa fáànù, ti fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, kí o gbé fóònù náà lé aṣọ tí o ká, kì í ṣe orí tábìlì lásán. Kọ́kọ́ sọ ọjọ́ òní, ibi tí ẹ wà àti orúkọ rẹ sínú rẹ̀, kí o wá béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá wọ́n gbà kí o gbà á sílẹ̀. Ohùn wọn ni kó sọ "mo gbà". Bí wọ́n bá ń fi èdè Oǹdó sọ ọ́, má yí i sí Yorùbá ìwé fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu mọ́. Èyí ló le jù, èmi náà sì ti kùnà níbẹ̀. Ìyá kan wà ní Òkè-Àrò tó ń ta ẹ̀wà ní gáréèjì Orè lọ́dún 1967. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé àwọn sójà yẹn burú?" Wọ́n ní, "Wọ́n burú." Ó parí síbẹ̀. Èmi ni mo fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo padà lọ, mo ní, "Ìyá, kí ni ọwọ́ yín ń ṣe nígbà tí ariwo sọ?" Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n yí i bí ẹni da abọ́. "Omi ni mo dà sí iná. Mi ò lè gbé ìkòkò, ẹ̀wà ṣì ń hó. Ṣílè mẹ́rin àti sísì kan ló wà létí ìró mi." Ọwọ́ náà wá ń di etí ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ náà, ó ń dì í, ó ń tú u. A jókòó fún wákàtí méjì. Béèrè ohun tí bàbá wọ̀, ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ta ló dúró lápá ọ̀tún wọn. Fún wọn ní bébà kí wọ́n ya ọ̀nà náà: lọ́rì rèé, igi rèé, àwọn ènìyàn rèé.

Gbogbo gbólóhùn tí wọ́n bá sọ, ya á sọ́nà méjì nínú ìwé rẹ: èyí tí wọ́n fojú rí, èyí tí wọ́n gbọ́ ní bárékè lẹ́yìn náà. Wọn ò ní yà á fúnra wọn. Lẹ́yìn ọdún tó ju àádọ́ta lọ, méjèèjì ti wọnú ara wọn. Rọra béèrè: "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ àbí wọ́n sọ fún yín ni?"

Àwọn nǹkan kan sì wà tí o lè fi wọn ọ̀rọ̀ wò. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà náà. Oṣù Kẹrin 1972 la yí sí ọ̀tún. Oṣù Kìn-ín-ní 1968 ni ìjọba pààrọ̀ owó bébà, nítorí náà bí wọn ò bá mọ oṣù, béèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó pààrọ̀ owó. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fi lọ́rì gba orí afárá kọjá sí Onitsha lọ́sẹ̀ yẹn, ọjọ́ méjì ló ti dà pọ̀ lọ́kàn wọn, nítorí afárá ti já. Má pè wọ́n ní òpùrọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kọ àkíyèsí tìrẹ sí abẹ́ rẹ̀.

Bó bá rẹ̀ wọ́n, dúró. Má gbà á sílẹ̀ kó o wá dìde lọ. Sọ̀rọ̀ oko, sọ̀rọ̀ ọmọ, jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun. Ọ̀sán sàn ju alẹ́ lọ, torí àlá.

Àbúrò bàbá rẹ kò burú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí wọ́n tíì gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí Asaba. Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje, 2002. Àwọn ará Asaba ti sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ Oputa, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, Gowon fúnra rẹ̀ sì lọ tọrọ àforíjì ní Asaba ní 2002. Ẹlẹ́rìí ni bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn náà yìnbọn, fi ohùn tí o gbà sílẹ̀ náà pamọ́ kí o sì rí agbẹjọ́rò kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Má pa á rẹ́. Má sì gbé fídíò kankan sórí Facebook tàbí WhatsApp ẹbí, ibẹ̀ ni ìtìjú tí wọ́n ń bẹ̀rù ti máa ń wá.

Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan sórí fóònù, ọ̀kan sórí fláàṣì tó wà nílé ẹlòmíràn, ọ̀kan fún ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì tí bàbá bá fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n lè jẹ́ kí aráyé gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí o bi wọ́n, nígbà tí ara bá ti balẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn tí wọ́n kó kọjá níwájú lọ́rì yẹn, ṣé ojú ẹnì kan wà tí wọ́n ṣì rántí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó pọ̀ sínú kòtò kan, àwọn ẹbí wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n dé kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀kan di àmùrè pupa, tàbí ọ̀kan di ọwọ́ ọmọkùnrin kékeré mú, kọ ìyẹn sí ojú ewé tìrẹ̀, pẹ̀lú ibi tó wà nínú àwòrán ọ̀nà tí wọ́n yà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹnì kan wà ní Asaba tó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn láti 1967.