Ṣé lóòótọ́ ni Isaac Hayes, akọrin ará Amẹ́ríkà, fi South Park, eré àwòrán ẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣàn, sílẹ̀ nítorí ìjọ Scientology?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni apá eré náà tó dá wàhálà sílẹ̀, "Trapped in the Closet", jáde lórí Comedy Central. Stan, ọ̀kan lára àwọn ọmọdé inú eré náà, lọ ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Scientology, wọ́n ní ìbànújẹ́ ń bá a jà, wọ́n gba 240 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ pé òun ni olùdásílẹ̀ wọn, L. Ron Hubbard, tó tún ayé wá. Bí wọ́n ṣe ń ro ìtàn Xenu, ọba burúkú inú ẹ̀kọ́ ìjọ náà, àkọlé hàn lójú tẹlifíṣàn pé ohun tí ọmọ ìjọ náà gbà gbọ́ gan-an nìyí. Ibẹ̀ ló ta jù.

Hayes, tó ń fọhùn fún Chef, alásè ilé ẹ̀kọ́ inú eré náà, jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ní oṣù kẹta 2006 ni ìkéde jáde lórúkọ rẹ̀ pé ó ti kúrò. Matt Stone, ọ̀kan lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, fèsì pé Hayes kò ráhùn rí nígbà tí wọ́n ń fi Kristẹni, Mùsùlùmí àti Júù ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2016, ọmọ Hayes ní àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá òun ní oṣù kìíní 2006, àwọn ẹlòmíràn ló bá a kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi gba tọmọ náà gbọ́.