Jacuzzi lórí bákónì òkè: ṣé ó di dandan kí a gba àṣẹ ìjọba?

ÌBÉÈRÈ: Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé ní Àsèrò, Abẹ́òkúta. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi Jacuzzi (agbada ìwẹ̀ ńlá tí pọ́ǹpù ń tú omi gbígbóná káàkiri inú rẹ̀) tó ń gba ènìyàn mẹ́rin ránṣẹ́, nítorí orúnkún tó ń dun ìyá wa, bákónì òkè ni a sì fẹ́ gbé e sí. Púlọ́ńbà wa ní kò sí ìwé kankan tí a ní láti gbà, nítorí pé a kò kọ́ ilé kún ilé. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún? Àwọn ọmọ kékeré wà nínú ilé.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹrù náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbé Jacuzzi náà kalẹ̀ sí, tí ẹ kò gbẹ́ kòtò, tí ẹ kò mọ ògiri, tí ẹ kò sì kan òrùlé lé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti táǹkì omi. Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ dárúkọ. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ka iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ ẹnjiníà, ìbáà jẹ́ nínú ilẹ̀, lórí rẹ̀, lókè rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, mọ́ ohun tí ó ń gba àṣẹ. Ní 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, ni ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ yín lọ, kì í ṣe Àbújá. Bí ó bá ti di pé a ní láti ki òpó kan bọ abẹ́ bákónì kí ó lè gba ẹrù náà, plánì tí ìjọba buwọ́ lù ti yí padà nìyẹn. Ẹ mú plánì náà dání, pẹ̀lú lẹ́tà láti ọwọ́ ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN (ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà), kí ẹ sì rí i pé wọ́n fún yín ní èsì lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ju ìwé lọ ni dẹ́kìn náà. Jacuzzi ènìyàn mẹ́rin lè gba omi bíi lítà 1,000, kílò kan sì ni lítà omi kan. Bí a bá fi ìwọ̀n Jacuzzi fúnra rẹ̀ àti ti àwọn tó wà nínú rẹ̀ kún un, ó lè lé ní kílò 1,500. Tí ó bá gba ààyè tó jẹ́ mítà 2 níbùú, mítà 2 lóròó, ẹrù tó máa bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan yóò súnmọ́ kílò 400. Bẹ́ẹ̀ bí kílò 150 ni àwa oníṣẹ́ ilé sábà máa ń ṣírò fún ilẹ̀ yàrá ìgbé. Èyí tó tún wá burú jù ni bákónì tí ó yọ síta láìní òpó lábẹ́. Òkè kọnkéré ni irin rọ́ọ̀dù rẹ̀ gbọdọ̀ wà, nítorí pé òkè ni ó ti máa ń fà. Tí àwọn lébírà bá ti tẹ irin náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń da kọnkéré, kò sí ẹni tí yóò fi ojú lásán mọ̀ ọ́n lónìí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé e sí ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta, àpáta kò jìnnà sí òkè ilẹ̀, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń gba ẹrù dáadáa. Ìyá yín pẹ̀lú kò ní máa fi orúnkún tó ń dùn wọ́n gun àtẹ̀gùn.

Ẹ sọ fún àbúrò yín kí ó má ra èyí tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà. Fólítì 120 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wọn ń gbé, 230 ni tiwa. Ohun tí a bá ṣe fún tiwọn yóò jóná níhìn-ín. Èyí tí ó bá tilẹ̀ lè gba fólítì tiwa, bí 60 hertz bá ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀ nìkan, pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní yí bó ṣe yẹ lórí 50 hertz tiwa, yóò sì máa gbóná. 230 fólítì, 50 hertz ni kí ó wá. Kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA (àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iná mànàmáná) fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ibi bọ́ọ̀dù iná, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀, RCD 30 milliampere (ohun tó ń já iná kíákíá bí iná bá ń jò, kí ó má baà gbé ènìyàn), àti wáyà earth tí a ti dán wò. Kò gbọ́dọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì láàárín mítà 2 sí etí rẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lo extension rárá. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀: ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wáyà neutral wọn kò so mọ́ ilẹ̀, RCD sì lè má já nígbà tí ó yẹ kí ó já.

Ní ti àwọn ọmọ, ìdérí tó ṣeé tì pa ni kí ẹ rà, kí ọgbà tó ga tó mítà 1.2 sì yí i ká, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé. Ihò tí pọ́ǹpù fi ń fa omi tún léwu gidigidi. Ní 2002, ó fa ọmọbìnrin ọdún méje kan mọ́lẹ̀ nínú irú ohun èlò yìí ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọmọ náà sì kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2007 lórí ìdérí ihò náà. Bí ìdérí ihò tiyín bá ti sán, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ má sì tàn án títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ooru omi kò gbọ́dọ̀ kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ìyá yín kọ́kọ́ bi dókítà wọn, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń bá wọn jà. Aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ da omi náà nù, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìfi chlorine sí i mọ́, kí ẹ tó máa dà á díẹ̀díẹ̀ sí ilẹ̀ tiyín, kì í ṣe sínú sọ́káwè, nítorí pé chlorine ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí ìdọ̀tí jẹrà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò yín.