Gígun ẹṣin fún ọmọ tí iṣan rẹ̀ le

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́ dáadáa. Itan rẹ̀ méjèèjì le, wọ́n sì máa ń há mọ́ra. Wọ́n ní kí n mú un lọ gun ẹṣin. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún un? — Ìyá kan, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìbàdí ọmọ tó wà lórí rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn. Ó di dandan kí ó máa gbé ara rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn àti ikùn ti ń lágbára. Ooru ara ẹṣin á sì máa dẹ iṣan itan.

Ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún. Èyí tó fẹ̀ jù á fa itan ya, ọmọ á ké, iṣan á tún le sí i. Ẹnì kan á di ìjánu mú, ẹni méjì á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀kan bá ń fà á mọ́ra, ọmọ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akoto gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ti tó.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí dókítà kọ́kọ́ wo X-ray ìbàdí rẹ̀. Bí oríkèé itan bá ti yẹ̀, ẹ má gbé e gun ẹṣin rárá.