Foundation (ìpara ìṣaralóge tó ń mú àwọ̀ ojú dọ́gba) wo ló lè bo ojú tó pupa níbì kan, tó dúdú níbòmíràn?

Ẹ má dán an wò lẹ́yìn ọwọ́. Àwọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojú. Bí ẹ bá dé ọjà Akẹ̀sán, ẹ fi oríṣi mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ jáde síta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, torí òmíràn máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ. Èyí tí ẹ ò rí mọ́ ni kí ẹ rà. Lójú àpá dúdú, ẹ kọ́kọ́ fi corrector (ìpara tó ń pa àwọ̀ àpá rẹ́ kí foundation tó gorí rẹ̀) aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ tẹ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ foundation á funfun bí eérú. Corrector aláwọ̀ ewé wà fún ibi tó pọ́n, pàápàá lára ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ pupa. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má fi ra ojú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìpara ìbóra (bleaching) ló sọ ojú di pupa, tó ń ta yín, dókítà awọ ló kàn.