Àbúrò, ọ́fíìsì ni kí o bẹ̀rù, kì í ṣe abúlé

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ yé mi. O ní o ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, pé yunifásítì tí o ti jáde fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ní ipò graduate assistant, ipò tó kéré jù láàárín àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti pé anthropology, ìmọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé àwọn èèyàn, ni o fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Màmá rẹ wá ní obìnrin tó ń gbé báàgì kiri abúlé, tó ń da ìbéèrè bo àwọn èèyàn, kò ní rí ilé ọkọ gbé. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé àwọn tí mo kọ́ ti ń kọ́ ẹlòmíì. Èsì mi ni pé kí o gbà á. Àmọ́ bá mi sọ fún màmá pé ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni wàhálà wà.

Abúlé àti ọjà gan-an ni jíjẹ́ obìnrin ti ń ṣe wá láǹfààní jù. Àárín àwọn alátà ni mo ti ṣe ìwádìí tèmi. Ẹni tó bá gbé ìwé ìbéèrè lọ síwájú alátà, tó ní "Mà, èló lẹ ń jẹ lérè lọ́sẹ̀?", "Ọlọ́run ń ṣe é" ni yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá tún yọ bírò, wọ́n á ní káńsù ló rán an wá. Èmi máa ń dé ibẹ̀ kí ọkọ̀ tòmátì tó dé ni. Tí wọ́n bá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ìyá tí mo ń jókòó tì kì í wo òkè rẹ̀ rárá. Á ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, á tẹjú mọ́ ẹni tó ń tà á, ọwọ́ á sì máa wá èyí tó ti rà lọ́hùn-ún. Tó bá yọ ọwọ́, á gbọ̀n ọ́n nù, á dá iye tó fẹ́ san. Lẹ́yìn náà ló máa ṣà á: èyí tó le sí abọ́ kan, èyí tó rọ̀ sí òmíràn, èyí tó ti bẹ́ fún àwọn olóúnjẹ tó máa lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń bá a ṣà á. Kí oòrùn tó mú, mo ti mọ iye tó rà á, iye abọ́ tó jáde níbẹ̀, àti ẹni tó gbà á láwìn, láìbèèrè ohunkóhun. Ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi kan wá sí ọjà yẹn kan náà. Àga ni wọ́n gbé fún un, wọ́n ń pè é ní dọ́kítà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ dídùn sìn ín sọ́nà.

Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ irú èyí. Lọ wá ìtàn Niara Sudarkasa kà, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe iṣẹ́ anthropology láàárín wa. Gloria Marshall ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Fort Lauderdale ní Florida ni wọ́n bí i sí ní 1938, ìran rẹ̀ kan sì wá láti Bahamas. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó wọ Fisk University, ó kọjá sí Oberlin, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1964. Oberlin ló wà tó fi gbọ́ pé àwa Yorùbá ń dá èsúsú, ó sì rí i pé ohun tí àwọn ará ilé òun ń ṣe nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kó ẹrù, ó di Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó kọ́ èdè wa, ó ń tẹ̀lé àwọn obìnrin lọ sọ́jà, ó mọ aláròóbọ̀ yàtọ̀ sí alájàpá. Ohun tó kọ jáde kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá kankan, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í sábà kà á sí ọ̀rọ̀ ìwé: pé àpò ọkọ lọ́tọ̀, àpò ìyàwó lọ́tọ̀, àti pé òwò ṣíṣe kò bá ìyá ọmọ jíjẹ́ jà. Where Women Work ni ìwé náà, 1973 ló jáde. Mo ṣì ń fi kọ́ ọmọ.

Wo ohun tó wá tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní University of Michigan ní 1967. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ ìṣàkóso ti gbà á lọ́wọ́ ìwádìí. Ní 1987, ó di ààrẹ Lincoln University ní Pennsylvania, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ di 1998. Iyì ńlá ni, mi ò bù ú kù. Àmọ́ ó ti ṣèwádìí lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní Ghana, àwọn tí ìjọba Busia lé wá sílé ní 1969. Àròkọ ni mo ti kà lórí ìyẹn. Odindi ìwé ni ọkàn mi ń fẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú wa. Ní ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa bójú tó oúnjẹ àlejò, orúkọ obìnrin ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin, obìnrin. Ìgbìmọ̀ tó ń gba owó ìkómọ àti ìsìnkú, obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń sunkún, ilẹ̀kùn obìnrin ló máa kàn. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, ẹlòmíì kò sì ní ṣe é dáadáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, iṣẹ́ tí o tẹ̀ jáde ni wọ́n máa kà. Kò síbi tí wọ́n ń kọ ìrẹsì àlejò sí lórí fọ́ọ̀mù. Àwọn ọkùnrin tí a jọ wọlé ti di Senior Lecturer nígbà tí mo ṣì ń jìjàdù fún Lecturer I. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 ló yọ mí, láti February títí di October, tí ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ebi pa wá, mi ò ní purọ́. Owó àjọ tí mo ń dá pẹ̀lú àwọn alátà yẹn la fi san owó ilé ìwé ọmọ. Àmọ́ kò sí ìpàdé kankan. Mo kọ̀wé.

Ti ilé ọkọ: ẹ̀yìn ni mo pọn ọmọ mi kejì sí lọ sọ́jà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbé e káàkiri ìsọ̀, ni ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá ń jáde: ọ̀rọ̀ orogún, oyún tó bàjẹ́, ọkọ tó kó owó òwò lọ. Ìyẹn ò ní kí ilé rọrùn o. Ọkọ tó bá ń fajú ro nítorí ọjọ́ díẹ̀ tí o lò nílùú onílùú kò ní tújú ká tó bá di ọdún kan. Bá a sọ ọ́ kí ìdílé tó mọ ìdílé.

Àwọn ibi kan wà tí obìnrin ò ní wọ̀. Tí Orò bá ń jáde, inú ilé la máa ń wà. Fìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó wà lẹ́nu àwọn obìnrin ṣì pọ̀. Òyìnbó obìnrin náà, Karin Barber, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, oríkì tí àwọn obìnrin Òkukù ń ké ló gbájú mọ́, ìwé ńlá ló sì fi ṣe ní 1991.

Má sùn lé ohun tí o gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kí o kọ ọ́, bó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù lo máa fi ríran, torí tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ tìrẹ á ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn. Ẹni tó sọ gbèsè rẹ̀ fún ọ, má kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Ní ti alábòójútó, bi àwọn tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó lórí tábìlì rẹ̀, kí o tó bèèrè bó ṣe lókìkí tó. Èyí tó bá ní kí o gbé iṣẹ́ rẹ wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ sí i.

Gba iṣẹ́ yẹn, torí owó oṣù náà, bó ti wù kó kéré, ló máa gbé ọ dé ọjà. Àmọ́ kí o tó fọwọ́ síwèé, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa yọ̀ǹda ọ fún odindi ọdún kan láti lọ ṣe ìwádìí. Tí wọ́n bá sì fi orúkọ rẹ sí ìgbìmọ̀ oúnjẹ ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀, ní kí wọ́n fi ọkùnrin kan tí ẹ jọ wọlé kún un. Wàá rí bí ìpàdé ṣe máa tètè parí.