Ohun tí mo yọ kúrò nínú abọ́ ọmọ mi

Ìyá ọmọ oṣù 14 tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ yọ mílíìkì, ẹyin, ẹ̀pà àti edé kúrò nínú oúnjẹ ọmọ yín nítorí pé ara rẹ̀ ń sú, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yọ gbogbo wọn. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọmọ mi ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí mo bu mílíìkì sínú ọ̀gì rẹ̀. Kò tíì lá ṣíbí kẹta tán tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ara rẹ̀ sì lé bí ẹni tí ó fara kan wèrèpè. Ẹ̀rù bà mí débi pé, láìbi dókítà, mo fi ẹyin, ẹ̀pà, ẹja àti edé kún mílíìkì tí mo kà léèwọ̀ fún un. Ọ̀gì lásán, iyán àti ọbẹ̀ ilá tí kò lẹ́ja nínú ni ó kù. Ọmọ ń yó, nítorí pé iyán kì í jẹ́ kí ebi pa ará Èkìtì, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ìwọ̀n rẹ̀ kò kúrò lójú kan, bùbá tí mo rán fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ń bá a mu síbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀, ó bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 12.1, lórí àwọ̀ ìyeyè, tí ó fi hàn pé àìjẹunrekánú ti ń bá a jà. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju 11.5 lọ, ó ti wọ pupa nìyẹn, èyí tí ó le jù.

Dókítà ọmọdé ṣe àyẹ̀wò, ó sì rí i pé mílíìkì nìkan ni ara rẹ̀ kò gbà. Ó ní oúnjẹ tí mo yọ tí n kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò ni ó dá ọmọ náà dúró, nítorí pé èròjà amáradàgbà àti èyí tí ń mú eegun le kò tó nǹkan nínú iyán. Ilé ìwòsàn, lójú rẹ̀, ni a ti dá ẹyin padà díẹ̀díẹ̀. Nílé, mo ń se mọ́ínmọ́ín elépo, mo sì ń gún ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ teegunteegun sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ìyá mi ni ó fẹ́ dà á rú: ó ní búrẹ́dì tí a fi bọ́tà pa kì í ṣe mílíìkì. Mílíìkì ni o!

Dókítà ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn máa ń gba mílíìkì bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni a ó ti dán an wò. Bùbá náà ti há a báyìí. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń wọ̀ ọ́.